Ta Ni Ó Fún Ọ Ní Ẹyọ Owó Yìí?

Ọmọ àbúrò mi kan ń bẹ ní Ìkòròdú. Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni ó ń ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ yìí ni ó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Owó onírin ni ó ń kó jọ. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ó ti fi í sọ́kàn pé òun yóò ní ẹyọ owó kan láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tí ó wà láyé, kì í ṣe láti ná, kì í ṣe láti tà, bí kò ṣe láti tọ́jú. Bí ẹ bá mọ bí àdúgbò wa ti rí, ẹ ó ti mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń wí. Àwọn kan ní ògùn owó ni. Àwọn mìíràn ní ohun tí ó ń ṣe é kò ju pé kò tíì gbé ìyàwó lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú ìyá rẹ̀, ó tọ̀ mí wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pe ọmọ yín, kí ẹ bi í bóyá irin ni yóò máa jẹ bí ó bá darúgbó."

Mo lọ. Láti ilé ni mo ti to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ jọ, mo sì ti mú òwe méjì dání fún un. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga fún mi, ó bu omi tútù wá. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìwé ńlá kan jáde tí ojú ewé rẹ̀ jẹ́ ike, tí ó ní àpò kéékèèké bí afárá oyin. Owó kọ̀ọ̀kan wà nínú àpò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni ó kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó fa ìwé pélébé kan yọ lẹ́yìn owó kìíní, ó sì kà á sí mi létí: orúkọ ẹni tí ó mú un wá, ìlú tí onítọ̀hún ti rí i, ọdún tí ó rin ìrìn-àjò náà, àti ohun tí ó bá lọ. Ó ní òfin kan ni òun ṣe fún ara òun, pé òun kò ní í fi owó ra owó. Ọwọ́ ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà ni òun yóò ti gbà á. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ó ti rí kó jọ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Kí n tó dìde, òwe méjèèjì ti sá kúrò lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo rí. Owó Sàúdí Arébíà kan wà níbẹ̀, ìyá arúgbó kan ní Ẹ̀pẹ́ ni ó fún un. Ó ní ó ṣẹ́kù sí etí aṣọ òun nígbà tí òun ti Mẹ́kà dé, òun kò sì jẹ́ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà. Kópẹ́ẹ̀kì kan wà láti ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Soviet Union. Orílẹ̀-èdè náà tú ká ní 1991, owó rẹ̀ sì wà ní Ìkòròdú. Owó Làìbéríà kan wà, ọmọ ogun kan tí ó bá ECOMOG lọ síbẹ̀ ní 1990 ni ó mú un bọ̀. Ẹni náà fún un ní owó, ṣùgbọ́n ó ní kí ó má ṣe bi òun ní ìbéèrè kankan. Ohun tí ó wà nínú ìwé pélébé tirẹ̀ kò ju "kò fẹ́ sọ" lọ. Owó Jámánì márùn-ún ni ó ní, bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń wá. Atukọ̀ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó kó wọn fún un, àwọn tí wọ́n bá Nigerian National Shipping Line ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní 1959 tí a sì pa rẹ́ ní 1995. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dá mẹ́rin padà. Ó ní, "Bàbá, owó wọn jọra, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò jọra."

Èyí tí ó gbà mí lọ́kàn jù lọ ni owó Gánà kan, pẹ́sẹ̀wà mẹ́wàá ti 1967, tí a ya kókò sí lára. Àwọn àgbà tí ń ka ìwé ìròyìn yìí yóò rántí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ jọjọ nínú àwọn tí ọ̀ràn náà kàn, àwọn tí wọ́n ti tẹ̀ dó síbẹ̀, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀. Ìyá kan ládùúgbò ọmọ yìí wà lára wọn. Kùmásí ni ó ti ń ta aṣọ. Ó di ẹrù mẹ́ta, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀, ó so owó tí ó pa ní ọjọ́ ọjà tí ó kẹ́yìn mọ́ etí ìró, ó sì wọ ọkọ̀. Nígbà tí ó délé, kò sí ẹni tí yóò gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó ìyókù fún àwọn ọmọ kéékèèké pé kí wọ́n máa fi ṣeré, ó sì fi ẹyọ kan pamọ́. Ẹyọ yìí ni ó fún ọmọ àbúrò mi, pẹ̀lú ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ọdún tí ó ṣáájú èyí tí ó kú. Nígbà ìsìnkú rẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú ni pé oníṣòwò ni, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìnáwó ni àgbà nínú àwọn ọmọ náà, tí a bí ní Ìkòròdú lẹ́yìn tí wọ́n ti padà dé, wá ka ìwé pélébé náà. Wọ́n ní ó kà á tán, ó tún un kà, ó sì jókòó sílẹ̀ láìsọ ohunkóhun.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, èrò mi nípa ọ̀rọ̀ yìí nìyí, n kò sì ní í fi ọ̀rọ̀ yí i po. Ohun tí ọmọ yìí ń ṣe kì í ṣe eré ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ògùn. Ìtàn ìrìn-àjò àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni ó ń kọ, owó onírin sì ni ó fi ń ṣe ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ó wà ní etí àṣìṣe ńlá kan báyìí, n óò dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Kí n tó débẹ̀, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo níláti jẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé láti orí àpótí ìwàásù ni mo ti ń sọ̀rọ̀.

Ìyá tí ó bí ìyá mi, ará Ẹ̀pẹ́ ni, ẹja yíyan ni ó ń tà. Ó ní ìkòkò kékeré kan tí ó ní ọmọrí, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè ni ó kún inú rẹ̀. Ṣílè kan wà lọ́tọ̀ tí kò bá àwọn ìyókù gbé. Ó di í sínú àkísà funfun, ó sì máa ń tú u wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá tirẹ̀ ni ó ni ín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, nígbà tí a pa pọ́n-ùn àti ṣílè tì, tí a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà àti kọ́bọ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Mo sọ fún ìyá pé bí kò bá tètè pààrọ̀ owó rẹ̀, yóò di òkúta sí i lọ́wọ́. Ó gbé ìkòkò fún mi. Báǹkì gba èyí tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà, tí a rọ ní 1959. Ṣùgbọ́n àwọn ti àtijọ́, tí báǹkì ti ṣíwọ́ gbígbà tipẹ́, èyí tí fàdákà gidi wà nínú wọn, ni mo kó tọ alágbẹ̀dẹ kan lọ. Ó fi wọ́n rọ ẹ̀gbà ọwọ́ méjì àti òrùka kan fún mi. Ṣílè tí ó wà nínú àkísà bá wọn wọ iná. Mo padà délé, mo ní báǹkì ti gbà á. Ìyá wò mí, ó ní, "Ó dára," kò sì béèrè rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ọmọbìnrin tí mo fún ní ẹ̀gbà ọwọ́ kò fẹ́ mi. Òrùka ti sọnù. Ìyẹn kọ́ ni ó ń dùn mí. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ó tó ìgbà méjì tí ìyá sọ ìtàn ṣílè náà fún mi, ẹni tí ó fi san owó ẹja fún ìyá rẹ̀, àti ìdí tí kò fi ná an, ṣùgbọ́n n kò fetí sí i. Mo rántí pé orúkọ ọjà Èjìnrìn wà nínú rẹ̀. Mo rántí pé ó rẹ́rìn-ín níbì kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, bí a bá ń sọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, kí a má ṣe bí ẹni pé ohun àjèjì ni ó jẹ́ fún wa. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ná, tí a fi ṣe ìṣirò títí èdè wa fi gba àwọ̀ rẹ̀, owó òkèèrè ni. Kò sí odò kan nílẹ̀ Yorùbá tí ó ti jáde. Erékùṣù Maldives ní òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń kó o, ọkọ̀ òyìnbó ni ó sì ń gbé e dé etíkun wa. Nígbà tí ó di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú rẹ̀ mìíràn wá láti Zanzibar, èyí tí ó tóbi jù ú lọ díẹ̀, wọ́n sì kó o wá lákòópọ̀jù títí iye rẹ̀ fi já wálẹ̀. Ogójì ẹyọ ni à ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí a bá sọ lónìí pé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn pé jọ síbì kan, àpò owó ẹyọ ni à ń sọ, bí a mọ̀ bí a kò mọ̀.

Ẹ sì rántí pé a kì í fi owó ẹyọ rajà nìkan. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti àgbègbè rẹ̀, a máa ń fi pa àrokò. Bí a bá sín ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn, ẹfà ni, ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí i. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń wí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra, èrò wọn sì jọ ṣọ̀kan. Ẹni tí ó bá rí ẹyọ mẹ́fà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò rí nǹkan kan ju owó tí kò tó ra iyọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọwọ́ tí ó ti wá ni ó gbọ́ ohun tí ó sọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìwé pélébé ọmọ àbúrò mi kì í ṣe àṣà tuntun.

Ọ̀sà wa gan-an ti ń gba owó ayé láti ìgbà tí a kò tíì bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè Èkó ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀ dó sí. Ibẹ̀ ni Èkó Ẹ̀pẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ tí ó ti wà níbẹ̀. Ní 1854, òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní í gbìyànjú láti gba Èkó padà, pé òun yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀, àti pé òun yóò ṣèrànwọ́ kí a lè tún ṣí àwọn ọjà etí ọ̀sà, Ìkòròdú sì wà nínú àwọn tí a dárúkọ. A fún un ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹgbàá owó ẹyọ kan lórí àgbá epo pupa ńlá kọ̀ọ̀kan tí ó bá gba èbúté Palma kọjá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ṣèlérí láti máa san ẹgbàá lọ́nà ẹgbàá owó ẹyọ fún un lọ́dọọdún títí ọjọ́ ikú rẹ̀, tàbí ẹgbẹ̀rún dọ́là, èyí tí ó bá wù ú.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹgbàá lọ́nà ẹgbàá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin ẹyọ, ọ̀kẹ́ igba gédégédé. Dọ́là kan wá jẹ́ ẹgbàajì owó ẹyọ. Bẹ́ẹ̀ ni dọ́là kì í ṣe owó Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kan ṣoṣo tí a kọ ní Ẹ̀pẹ́, tí ó dárúkọ Ìkòròdú, ni ìkarawun òkun Íńdíà àti dọ́là ti wà papọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó fọwọ́ sí i. Ta ni ó wá lè sọ pé ọmọ Ìkòròdú tí ń wá owó gbogbo ayé ti ya kúrò lójú ọ̀nà àwọn baba rẹ̀?

Owó onírin ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1912 ni ó ń bójú tó owó kan náà fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gáḿbíà. A lu ihò sí àárín kọ́bọ̀ àti àwọn tí ó kéré jù ú lọ, wọ́n ṣe é sín sí okùn bí owó ẹyọ. Ọ̀níní ni ó kéré jù: mẹ́wàá rẹ̀ ni kọ́bọ̀ kan, ẹgbọ̀kànlá àti igba rẹ̀ ni pọ́n-ùn kan. Ọ̀níní ti kú, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kú lẹ́nu àwọn àgbà. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan kò ní ọ̀níní, ó yé wa bí ìyà rẹ̀ ti tó. Kọ́bọ̀ ní tirẹ̀ gba orúkọ rẹ̀ wọ inú owó tuntun ní 1973.

Owó tuntun náà, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, ó lẹ́wà. Ibi tí a ti ń wa epo rọ̀bì wà lára kọ́bọ̀ kan, kókò wà lára kọ́bọ̀ márùn-ún, ọ̀pẹ wà lára kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ẹ̀pà wà lára kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹni tí ó bá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ti rí ohun tí Nàìjíríà ń jẹ àti ohun tí ó ń tà. Ní 1991 a rọ náírà kan onírin tí orí Herbert Macaulay wà lára rẹ̀; ní 2007 a tún rọ kọ́bọ̀ àádọ́ta, náírà kan àti náírà méjì. Níbo ni wọ́n wà? Ẹ mú náírà méjì onírin lọ sí ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lónìí, kí ẹ wo ojú tí alájà yóò fi wò yín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò mọ ìró tí owó ń ró nínú àpò. Àwọn ará Gánà pe owó wọn ní sídì, orúkọ tí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Akan ń pe owó ẹyọ, wọ́n sì ya owó ẹyọ sára sídì kan tí wọ́n rọ ní 1979. Mo ń jowú wọn lórí èyí, n kò sì lè fi pamọ́.

Ó kù kí n sọ ti àṣìṣe tí mo ní ọmọ àbúrò mi wà létí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè 193 ni ó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ó ní mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó ku méjìléláàádóje. Ará Ìkòròdú mélòó ni yóò rìn dé àwọn erékùṣù wẹ́wẹ́ inú òkun Pàsífíìkì kí ó tó di arúgbó? Ó ti wá rí àwọn tí ń ta owó ayé lápò kan ṣoṣo, tí wọn yóò fi ránṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó bi mí bóyá ó burú bí òun bá rà á, kí ọ̀rọ̀ náà parí.

Mo ní ó burú. Kì í ṣe pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ríra owó. Àwọn ọlọ́lá àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń ṣe é káàkiri ayé, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ bí a ti ń rọ owó yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí ó ń lé yẹn kò ní ìdí. Ẹ wo faranki tí àwọn obìnrin wa fi ń rajà ní Kútọnu àti Lómé: orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni ó ń ná owó kan náà, láti Séńẹ́gàl títí dé Niger, àmì ẹja sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n wò láti ara òṣùwọ̀n wúrà àwọn Akan. Èwo ni ti Bẹ̀nẹ̀ nínú wọn, èwo ni ti Tógò? Owó kò lè sọ; obìnrin tí ó mú un bọ̀ nìkan ni ó lè sọ. Ekuador ń ná dọ́là Amẹ́ríkà. Àwọn ará Yúróòpù tí ń ná yúrò ní ojú kan tí ó jẹ́ ti gbogbo wọn àti ojú kejì tí ó jẹ́ ti olúkúlùkù, bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ tí a rọ ní Jámánì lè ti ọwọ́ ènìyàn kan ní Róòmù wá. Bíáfírà rọ owó onírin ní 1969, ní ọdún tí ó ṣáájú òpin ogun. Abẹ́ orúkọ wo ni a ó kọ ọ́ sí? Ẹni tí ó bá ń ka orílẹ̀-èdè kì yóò parí rẹ̀ láé, nítorí ayé kì í dúró jẹ́ kí a kà á tán. Ẹni tí ó bá ń ka ènìyàn mọ ibi tí òun dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé ebi ń pa ará ìlú, kí ni ti owó tí kò ṣe é ná. Èsì mi kò gùn. Ọmọ yìí kò ná ju owó bọ́ọ̀sì lọ lórí rẹ̀, ohun tí ó sì ń kó jọ yóò bàjẹ́ bí kò bá kó o lónìí. Àwọn atukọ̀ tí wọ́n bá ọkọ̀ ìjọba lọ sí Liverpool àti Hamburg ti di arúgbó. Àwọn tí wọ́n sá bọ̀ láti Gánà ní 1969 ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó tí wọ́n mú bọ̀ wà nínú páànù bísíkíìtì lábẹ́ ibùsùn, wọn yóò kú, a ó gbọn páànù náà sí ilẹ̀, ọmọ wọn kan tí ó gbọ́n lójú ara rẹ̀ bí èmi yóò sì kó o fún oníirin tí ń ti kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkòròdú, Ìtóìkín, Àgbọ̀wá àti Ẹ̀pẹ́, kí ẹ wo ìdí àpótí yín. Bí ẹ bá rí owó kan tí ẹ kò mọ ibi tí ó ti wá, ẹ má wulẹ̀ kó o fún ọmọ ṣeré. Ẹ bi bàbá, ẹ bi ìyá, nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹun, tí wọ́n ṣì ń rántí. Ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ ìlú, ẹ kọ ọdún. Bí ẹ kò bá fẹ́ fún ọmọ àbúrò mi, ẹ fi í sílé yín. Ìwé pélébé náà ni kí ẹ má ṣe gbàgbé. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín bá ń kó irú nǹkan báyìí jọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í kí ẹ tó pe àwọn wòlíì.

Ní ti ọ̀rọ̀ àpò owó náà, a kò tíì parí rẹ̀. Ó ní òun yóò rò ó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, àwa méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àbúrò ìyá mi kan ṣì wà láyé níbẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, mo sì fẹ́ bi í bóyá ó gbọ́ ìtàn ṣílè náà rí. Ó ní òun rántí àkísà funfun, òun rántí ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹnu ìyá kì í sábà ṣí fún àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní, "Ìwọ ni ó máa ń sọ ọ́ fún." Ọmọ àbúrò mi kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́. Nígbà tí a padà dé Ìkòròdú, ó ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé oníke rẹ̀, ó fi ìwé pélébé náà sínú àpò tí kò sí owó nínú rẹ̀, ó sì ní kí n fọwọ́ sí i.